Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Fọ́ọ̀mù Yín, Ọ̀gá?

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, gbogbo Òṣogbo ló máa ń rí wa. Gómìnà á dé, ọlọ́pàá á dí títì, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á yin ìbọn, ẹyẹlé funfun á fò, àwa àgbààgbà ọ́físà ológun tá a ti fẹ̀yìntì á to mẹ́dàlì sáyà, a ó dúró ṣánṣán nínú oòrùn bí orúnkún tilẹ̀ ń ro wá, tí wọ́n bá wá parí ẹ̀ tán àwọn èèyàn á bá wa ya fọ́tò, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìrántí àwọn tó kú síbẹ̀, torí tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé àwọn bàbá wa tó bá òyìnbó ja ogun la ń rántí. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé torí ọjọ́ yẹn la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ò tíì bá wa jókòó ní mítíìnì rí. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa, bó ṣe yé èmi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹ̀ ó ti pẹ́, ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má kú kí ìyàwó ẹ̀ wá máa sunkún láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Ìyókù tá à ń ṣe, èyí tó ń gba fọ́tò yẹn, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tá a jẹ́ ná, torí àwọn èèyàn máa ń dà wá pọ̀ mọ́ Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe sójà rí. Ọ́físà ni tiwa, ti orí ilẹ̀, ti orí omi, ti òfuurufú, ẹni tó bá ti jẹ ọ́físà tó sì fẹ̀yìntì pẹ̀lú ìwé tó mọ́ lè wá. Legion ní tiwọn, ibẹ̀ ni àwọn kọ́púrà àti sájẹ́ǹtì pọ̀ sí, màá padà sórí ọ̀rọ̀ wọn torí ó ń dùn mí. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Ìbàdàn ni gbogbo ẹ̀ wà, ibẹ̀ ni olú ìpínlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni oríkò Dífísọ̀n Kejì àwọn sójà, tí ẹni tó ń gbé Ìkìrun á jí ní ìdájí kó tó lè lọ fọwọ́ sí bébà kan ṣoṣo. Ní báyìí, Òṣogbo níbí la ti ń pàdé, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yọ̀ǹda ní apá Òkè-Fìà, àwọn ará Ẹdẹ ń wá, àwọn ará Ìlobùú, Ìfọ́n, Ìrágbìjí, gbogbo wọn ń wá.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò nínú ẹgbẹ́ báyìí ni ipò tí kálukú fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Alága wa, Kápútéènì ló fi fẹ̀yìntì. Nínú àwọn tó ń darí, Kọ́nẹ́ẹ̀lì wà, Bìrìgédíà wà. Ẹ sì mọ iṣẹ́ sójà, ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣáájú ẹ di ọ́físà, ọ̀gá ẹ ni títí ẹ ó fi wọlẹ̀, kò sí ti fẹ̀yìntì níbẹ̀. Àwọn kan rò pé ó máa dìjà. Kò dìjà, torí gbogbo wa la mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sí gáàdì rúùmù tá a fẹ́ ti èèyàn mọ́, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù. Tí mo bá fẹ́ kí Bìrìgédíà kan mú ìwé ẹ̀ wá, mi ò ní fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn. Màá lọ sílé. Màá kí wọn bó ṣe yẹ kí n kí wọn, màá jókòó, a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n jọ wà ní Kàdúná, ta ló ti kú nínú wọn, ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ ní Kánádà, ìyàwó wọn á gbé omi wá, kí n tó wá sọ pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé fáìlì yín jáde ká jọ wò ó." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é nílé gbogbo wọn. Ó ń gba àkókò, àmọ́ mi ò mọ ọ̀nà míì tó ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì máa ń gbé lọ: sà, orúkọ ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù yín?

Nígbà tí ọmọkùnrin bá ń wọṣẹ́ sójà, ọmọ bíi ogún ọdún ló sábà máa ń jẹ́, kò níyàwó, kò lọ́mọ. Wọ́n á bi í pé tó bá kú, ta ni kí wọ́n wá, ta ni next of kin ẹ̀. Á kọ orúkọ bàbá ẹ̀, tàbí ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó sanwó ilé ìwé ẹ̀, ohun tó dáa ló kọ yẹn. Ẹ wá jẹ́ kí ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, ó ti lọ Làìbéríà, ó ti dé, wọ́n ti gbé e láti Sókótó lọ Calabar, ó ti kọ́lé sí Dada Estate, bàbá tó kọ orúkọ ẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ti darúgbó, orúkọ yẹn ṣì wà níbi tó kọ ọ́ sí lọ́jọ́ tó ń wọṣẹ́. Kò yọ ọ́ torí kò rántí, tàbí ó rántí àmọ́ ó ń sọ pé òun máa ṣe é tóun bá dé Àbújá. Àwọn míì ń bẹ̀rù ẹ̀ ni, wọ́n á ní ẹni tó bá ń to ìwé ikú ń pe ikú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin tó ti dojú kọ ìbọn, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí ìbọn tí wọ́n ń yìn síni yàtọ̀ sí kéèyàn jókòó sórí àga nílé ara ẹ̀ kó máa kọ ọ́ pé nígbà tí mo bá kú.

Ìyá kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Mejọ̀ ni ọkọ wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, láti ìsàlẹ̀ ni bàbá náà ti gòkè, sójà lásán ni wọ́n kí wọ́n tó sọ wọ́n di ọ́físà. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí bàbá kú ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Ìyá fa àpótí irin dúdú kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tá a fi ń kẹ́rù ní bárékè, orúkọ ọkọ wọn àti nọ́ńbà ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ ní ọ̀dà funfun, ó ti ń ṣí létí. Wọ́n ṣí i, òórùn kámfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Yunifọ́ọ̀mù kan wà lókè tí wọ́n ká tí igun ẹ̀ ṣe dọ́gba, bẹ́líìtì, bẹ́rẹ́ẹ̀tì, bàtà tí wọ́n ki bébà sínú ẹ̀ kó má baà rún, àwọn fọ́tò Làìbéríà tí ojú wọn ti ń pọ́n. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìwé wà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ìyá yìí ò ka ìwé púpọ̀ o, àmọ́ wọ́n mọ ìwé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ká a àti àwọ̀ tó ní, eléyìí ìwé ilẹ̀, eléyìí ìwé ìgbéyàwó wa ní kóòtù, eléyìí káàdì ọsibítù. Wọ́n wá yọ ọ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, eléyìí ni bàbá ní kí n má jẹ́ kó sọnù láéláé." Mo kà á. Àbúrò bàbá ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi next of kin, àbúrò náà sì ti kú ní Jọ́ọ̀sì kí àkọ́bí wọn tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìyá ń wo ojú mi. Gbogbo ìgbà tí ọkọ wọn fi wà láyé ni wọ́n fi tọ́jú ìwé tó ní kí wọ́n gbé owó òun fún òkú.

Ọ̀rọ̀ náà yanjú nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó gba ju ọdún kan lọ. Ìwé ikú ti bàbá, ìwé ikú ti àbúrò tó kú sí Jọ́ọ̀sì tí kò sẹ́ni tó gbà á nígbà náà, ìwé kóòtù tó fún ìyá lágbára láti gba ohun tí ọkọ fi sílẹ̀, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ pé a mọ̀ wọ́n, a mọ ọkọ wọn, àwọn nìyàwó ẹ̀, fọ́tò, ìka títẹ̀, ìrìn àjò lọ Àbújá nínú mọ́tò alẹ́ pẹ̀lú ìyá tí ẹsẹ̀ wú. Ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ọmọ kékeré kan lè sọ fún wọn pé "màmá, ẹ wá lọ́la" láìgbójú sókè, ọjọ́ mélòó kan ló sì fi sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Inú bí mi débi pé mo ní láti jáde síta kí n tó lè mí dáadáa. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ ò pọ̀, a dáwó jọ fún owó mọ́tò àti oúnjẹ, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ní ilé ní Kubwa gbà wá sílé. Ohun tí ì bá gba bàbá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tún ṣe nígbà tí wọ́n wà láyé nìyẹn o!

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́, àwọn PFA, ló ń san tiyín. Rárá. Nígbà tí wọ́n gbé ètò pẹ́ńṣọ̀n tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí dé ní 2004, àwọn sójà wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ wá kúrò ní 2011, láti ìgbà yẹn ìjọba àpapọ̀ ló ń san tiwa tààrà, Military Pensions Board l'Ábújá sì ni àkọsílẹ̀ wa wà. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣe pàtàkì pé kí ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn bá ohun tó wà nílé mu, torí kò sí ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo níbí téèyàn lè já wọ̀ láti lọ ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ orogún náà tún wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ́físà ò fẹ́ kéèyàn dá sílẹ̀ lójú ìyàwó wọn. Nílẹ̀ wa níbí, tí bàbá bá kú, àwọn ẹbí á ní ìdí-igi ni ká fi pín ogún, iye ìyàwó tó bímọ fún un ni wọ́n á fi pín in. Ilé míì á ní rárá, orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Òṣogbo, wọ́n á ní ẹ pe Àáfà wá, kí wọ́n pín in bí Kùránì ṣe sọ. Gbogbo ẹ̀ ló dáa fún ilé, fún ilẹ̀, fún mọ́tò. Fọ́ọ̀mù ìjọba ò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí ìyáálé ní òun ló kàn, tí ìyàwó kejì gbé ìwé jáde pé orúkọ òun ló wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ àgbà ti ń ká apá aṣọ. Kò sí àṣẹ tí ẹgbẹ́ ní níbẹ̀ o. Ohun tá a ní kò ju pé gbogbo wọn gbà pé a ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, a ò sì fẹ́ gba kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀gá tó ní ju ìyàwó kan lọ pé kí wọ́n kọ orúkọ tó ju ẹyọ kan síbẹ̀, kí wọ́n kọ ìpín kálukú, kí wọ́n sì pe àwọn ìyàwó jókòó kí wọ́n sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn nígbà tí ohùn wọn ṣì ń jáde. Ọ̀gá kan bi mí pé ṣé mo fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé òun ni. Mo ní sà, ìjà yẹn á ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ láti parí ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Orúkọ gan-an tún ní wàhálà tiẹ̀. Láyé òyìnbó, tí ọmọ ilé wa bá lọ wọṣẹ́ sójà, orúkọ ìlú ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe orúkọ bàbá fún un, ẹni tó bá jẹ́ Làmídì láti ibí á di Làmídì Oshogbo, pẹ̀lú lẹ́tà h láàárín bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ Bọ́mà ní Dífísọ̀n 81 àti 82 gbé lọ tí wọ́n sì gbé bọ̀, àwọn ọmọ wọn tó wá wọṣẹ́ sójà lẹ́yìn wọn sì ń jẹ́ ẹ lọ. Ní báyìí, NIN wà, BVN wà, ọ̀kan á ní Oshogbo, ọ̀kan á ní Osogbo, ọ̀kan á gbé orúkọ ìdílé gidi jáde, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá wá fi ti ọjọ́ orí kún un, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tó búra ọjọ́ ìbí ní kóòtù nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́, tó wá búra òmíràn nígbà tó fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù, ẹ ó rí i pé fẹrifikéṣọ̀n, ìyẹn yíyẹ ìwé ẹni tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n wò, lè di ìjà àjàkú-akátá. Nọ́ńbà iṣẹ́ nìkan ni kì í yí padà. Sójà tó darúgbó lè gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ ẹ̀, àmọ́ ẹ bi í ní nọ́ńbà ẹ̀, ọdún tó wọṣẹ́ á kọ́kọ́ jáde, NA, ìyẹn Nigerian Army, á tẹ̀ lé e, ìyókù á dà jáde láìsinmi. Mo máa ń kọ́kọ́ gba nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ kí n tó gba orúkọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìsìnkú náà, torí ibẹ̀ ni ìlú wa yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti kọ ìlànà. Ìlànà ni pé tí ọ́físà bá kú, ká kọ lẹ́tà sí bárékè tó sún mọ́ wa, Ẹdẹ ni tiwa, ibi tí àwọn sójà ẹlẹ́ńjiníà wà, kí wọ́n fún wa ní àwọn tó máa gbé pósí àti ẹni tó máa fun fèrè. Ìyẹn rọrùn fún ọmọ ìjọ tí wọ́n á gbé sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí Àlhájì bá wá kú lẹ́yìn àsùbáà ńkọ́? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín, lẹ́tà tí mo kọ ò tíì kúrò lórí tábìlì. Ó pẹ́ tó ti ń dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí pé bóyá ẹ̀yẹ yẹn ò sí fún àwọn ni. A jókòó lé e lórí. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé tí ìpè bá ti dé, ẹni tó bá lè débẹ̀ á wọ aṣọ funfun àti bẹ́rẹ́ẹ̀tì, a ó tò sẹ́yìn jánásà, kò sí fèrè, kò sí ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn ṣe fẹ́ ẹ, a ó kí i bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, alága á dìde, á ka iṣẹ́ tí bàbá ṣe fún orílẹ̀-èdè látìbẹ̀rẹ̀, ibi tó ti sìn, ọdún tó wà níbẹ̀, a ó sì gbé fáìlì ẹ̀ lé ìdílé lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, kí ẹbí mọ̀ pé ẹ̀dà wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn Àáfà àdúgbò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ pé ó yẹ káwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí èyí ju ohunkóhun tá a ti ṣe lọ.

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọ́físà. Wọ́n máa ń wá. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á ní, "Sà, mo fẹ́ rí akọ̀wé." Kọ́púrà tó ja ogun abẹ́lé, tó bá pé ogún ọdún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ lóṣù keje 1967, ó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí tàbí ó ti lé. Òun ló wà ní Òrè nígbà tí àwọn ará Biafra ti wọ Mid-West tí wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ìjà tá a ṣì ń fi ẹnu kọ́ra wa pé "ó le kú, ìjà Òrè" tí ẹni tó ń sọ ọ́ ò mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló jà á. Òfin ẹgbẹ́ ní ọ́físà nìkan. Mi ò bá òfin jà, ó nídìí tí wọ́n fi ṣe é, àmọ́ mi ò rí ibi tí òfin ti ní kí n má ka ìwé fún bàbá àgbà tí ojú ẹ̀ ti ṣú. Àwọn ọ̀gá kan nínú wa kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní Legion ń bẹ. Ó ń bẹ lóòótọ́, wọ́n sì ń gbìyànjú, àmọ́ iṣẹ́ yìí pọ̀ ju ẹgbẹ́ kan lọ. Ní báyìí, tí mítíìnì wa bá parí, tábìlì kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ ìjọba rí, tàbí opó ẹ̀, tàbí ọmọ ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lójú ogun ò gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ abẹ́ ẹ̀ pé kó lọ síbòmíì. Tí wọ́n bá dárúkọ Fájuyì, gómìnà ológun apá ìwọ̀-oòrùn nígbà yẹn, gbogbo wa la máa ń gbé orí sókè torí wọ́n ní kò fi àlejò ẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun, sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú wọn n'Íbàdàn lóṣù keje 1966. Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ wa ní nǹkan kan nípa ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ti owó pẹ́ńṣọ̀n fúnra ẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 173, sọ pé kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ ti rí i nínú ìròyìn bí àwọn tó ti fẹ̀yìntì ṣe ń lọ jókòó sẹ́nu géètì l'Ábújá pẹ̀lú ẹní àti agboòrùn torí àwọn ẹ̀tọ́ wọn kan. Mo wà lẹ́yìn wọn. Bàbá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láyé ìgbà tí owó oṣù ọ́físà ò ju ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan lọ, tó wá ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Òkè-Baálẹ̀ lónìí, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló ń béèrè. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ka kékeré bíi tiwa ò tó ìyẹn, lẹ́tà là ń kọ, à ń fọwọ́ sí i, à ń fi ránṣẹ́ sókè. Ohun tí ọwọ́ wa tó ni kí ìwọ̀nba tí wọ́n ń san má bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nọ́ọ̀sì ológun kan tó ti fẹ̀yìntì wà láàárín wa, Mejọ̀ làwọn náà, ìyá tí kì í pariwo rárá. Àwọn ló gbé ẹ̀rọ ìfúnpá wá sí mítíìnì, pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó kó tó na apá. Ibi apá nínà yẹn ni àwọn ọkùnrin ti ń sọ ohun tí wọn ò ní sọ níwájú ẹgbẹ́. Ọ̀kan ní òun kì í sùn láti ìgbà Làìbéríà, láti 1990 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ pẹ̀tù sí ogun ibẹ̀, lọ. Ọ̀kan ní tó bá di oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin bángà, abẹ́ àtẹ̀gùn lòun máa ń bá ara òun, òun ò ní mọ bóun ṣe débẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì yìí ló ní kí á máa yà sílé àwọn bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, kí á má lọ sọ nǹkan kan, ká kàn jókòó tì wọ́n, ká jẹun, ká ta ayò. Wọ́n tún bá olórí àwọn ọmọ àdúgbò sọ̀rọ̀ ní òpópónà méjì tí wọ́n fi gbà láti lọ yin tiwọn ní pápá. A ò rí ìkankan nínú èyí kọ sínú ìwé ìròyìn ìpàdé. Àmọ́ àwọn tí kì í yọjú tẹ́lẹ̀ ti ń wá, bí wọ́n bá sì ti wá, mo máa ń rí fáìlì wọn wò.

Òṣogbo yìí ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá ogun Ìlọrin dúró ní nǹkan bí 1840, a mọ orúkọ Balógun wọn, ọmọ ilé ìwé ń kà á. Mo máa ń ronú nípa àwọn tí kò jẹ́ Balógun lọ́jọ́ yẹn, àwọn tí ìyàwó wọn dúró dè wọ́n tí wọn ò dé, ta ló sọ fún wọn, ta ló bọ́ ọmọ wọn. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tiwa ò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí bébà àti bírò wà.

Ẹ̀yin ọmọ sójà tẹ́ ẹ ń ka èyí, bóyá Èkó lẹ wà tàbí òkè òkun, ẹ pe bàbá yín lónìí tàbí màmá yín tó bá jẹ́ àwọn ló ṣiṣẹ́ náà. Ẹ kí wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ gba nọ́ńbà iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ìwé ìfẹ̀yìntì wà, kí ẹnì kan nílé yà á ní fọ́tò tó mọ́lẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti NIN àti ti báǹkì, lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀ ẹ má fojú kéré ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tó wà lókè níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ ẹni tó ti kú, tàbí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ má bínú sí wọn, ẹ kàn bá wọn bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Tó bá jẹ́ agbègbè Òṣogbo ni wọ́n wà, ọ́físà o, kọ́púrà o, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ẹsẹ̀ ò bá gbé wọn, a ó wá sílé. A kì í gbowó. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la máa ń pàdé, aago mẹ́wàá àárọ̀, mẹ́wàá gan-an la sì máa ń bẹ̀rẹ̀.